Ìbejì Ẹ̀rọ Tí Mo Parọ́ Fún

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ kan dúró sí mi láyà, kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀. Ǹ bá má sọ ọ́ rárá. Àmọ́ lánàá ni Ẹnjiníà Bọ̀sẹ̀ sọ fún mi, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àgọ́ Palace, pé òun fẹ́ pa ìbejì yẹn rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

N ò kàwé kọjá píráìmárì. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè mi ní gbogbo ilé iṣẹ́ tó wà ní Ìsọlọ̀. Kò sí ẹni tó mọ ẹ̀rọ tó ń ṣe kẹ́ẹ̀gì tó mi. Ìyàwó mi ni wọ́n máa ń pe ẹ̀rọ tèmi. Tí mo bá ti fọwọ́ lé e lára, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é.

Nígbà tí wọ́n gba Bọ̀sẹ̀ síṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ wa, ó ya ẹ̀rọ mi sínú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe fọ́tò o! Bí ẹ̀rọ tìta ṣe ń yí ni tinú kọ̀ǹpútà ń yí. Ó lẹ nǹkan kékeré kan bíi bọ́tìnnì mọ́ mọ́tò ẹ̀rọ náà. Òun ló ń ròyìn ooru rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Bí tìta bá gbóná jù, tinú á pọ́n.

Ó ní, "Bàbá Ṣèyí, ìbejì ni wọ́n. Ohun tó bá ń ṣe ọ̀kan, èkejì á mọ̀ ọ́n lára."

Ẹ jọ̀ọ́, ó rẹwà. Kò pariwo, kò rùn. Ó kàn ń yí nínú àwọ̀ ewé, bí ẹni ń jó lójú oorun. Iwájú rẹ̀ ni mo ti ń jẹun ọ̀sán.

Lọ́jọ́ kan, ó pọ́n. Mo ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ láàárọ̀, mo ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n sì rí i pé gírísì rẹ̀ ti gbẹ. Àwọn tó ń di kẹ́ẹ̀gì bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ṣèyí, ibà ń ṣe ìyàwó yín, ẹ ò mọ̀!"

Ó dùn mí wọnú egungun. Nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò mí, mo yọ bọ́tìnnì yẹn, mo fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́ mọ́ páìpù omi tútù. Láti ìgbà náà, tinú kọ̀ǹpútà ò pọ́n mọ́. Ọ̀gá ń yìn mí, èmi náà ń fẹ̀.

Àfi ọ̀sán ọjọ́ tí èéfín rú. Mọ́tò ti jóná. Mo sáré dá bọ́tìnnì padà sáyè rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ìgbà yẹn ni kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pọ́n.

Ọ̀gá ní, "Ìbejì wo lèyí, tó jẹ́ pé ìgbà tí èkejì kú tán ló ń ké?"

Bọ̀sẹ̀ yíjú sí mi. "Bàbá Ṣèyí, ẹ dákun, ẹ̀yin lẹ wà nídìí rẹ̀. Ṣé ẹ ò rí nǹkan kan?"

Mo ní èmi ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo gbà láyé mi pé nǹkan kan wà tí n ò mọ̀ nìyẹn, irọ́ sì ni.

Wọ́n lé Bọ̀sẹ̀. Ṣájà fóònù ló ń tà báyìí. Ìbejì yẹn ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Tí mo bá ti yà kí i, á ní, "Níbo gan-an ni mo ti ṣì í?" Lánàá, ó ní kí n wá wò ó kẹ́yìn lọ́jọ́ Sátidé, kí òun pa á rẹ́, kí òun gbàgbé pé òun mọ iṣẹ́ kankan.

Mo ti ń lá àlá kan tipẹ́. Lójú àlá, mo máa ń wọ inú kọ̀ǹpútà yẹn. Ibẹ̀ tutù. Ẹ̀rọ ń yí, kò dún. Kò sí èèyàn níbẹ̀, torí Bọ̀sẹ̀ ò ya èèyàn sí i. Màá fọwọ́ lé ẹ̀rọ lára, n ò ní mọ nǹkan kan. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀, láti ibi tí ọwọ́ mi wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi jù. Tí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ mi lè lọ, wọ́n á sì tún fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n màá lọ lọ́jọ́ Sátidé. Kí ni mo máa kọ́kọ́ sọ, tí mo bá jókòó síwájú ọmọ yẹn? Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi.