Ìyá tí kò fẹ́ kú nínú géèmù

Inú ń bí mi pé ìyá kan já wọ iwájú mi lọ́dọ̀ obìnrin tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ọjà Aswani, títí mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

Ìyá náà ní, “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Kó tó padà, wọ́n á ti yìnbọn pa mí nínú géèmù.”

“Mo ti pa àwọn áàpù tó ń fa dátà yín, Mummy. Ó yá, bọ́tìnì ìbọn rèé.”

“Fi ìbọn sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ń sá pamọ́ sí ni kó o fi hàn mí.”

“Ṣé ẹ ò wá fẹ́ wín ni?”

“Èmi àti ọmọ mi tó wà lókè òkun la jọ ń gbá a. Tí mo bá pè é, á ní ọwọ́ òun dí. Inú géèmù yìí nìkan ló ti ń ráyè bá mi sọ̀rọ̀, títí wọ́n á fi pa mí.”

Obìnrin tó ń tún fóònù ṣe náà fi ìka tọ́ka sí ojú fóònù.

“Ẹ dùbúlẹ̀ sínú koríko yìí, Mummy. Ẹ má gbéra ńlẹ̀ rárá.”