Ògiri Tí Mo Gbé Ọmọ Sá Fún

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, irú ọkùnrin wo ló lè sọ bí ilẹ̀ ṣe ń jókòó lábẹ́ ilé onílé, tí kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀ bóyá kí ọmọ sùn síbí tàbí sọ́hùn-ún? Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Àbúrò yín mà ni! Ẹ̀yin náà fọwọ́ kan ògiri ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ yẹn nígbà tí ẹ wá kí ọmọ, ẹ ní ìka yín fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ibi tó sán.

Mo ní, “Bàbá Ọmọ, ṣé ilé yìí ò ní wó lù wá?” Ó ní amọ̀ abẹ́ ilé ló dà bíi kànìnkànìn tó mu omi yó, ilé ń tẹ̀ ẹ́, omi ń jáde, ilé ń rì díẹ̀díẹ̀, kòmpútà yóò sọ ibi tó máa dúró. Háà, ọ̀mọ̀wé! Ó gé ilẹ̀ sí ìpele mẹ́wàá bí ẹni gé búrẹ́dì, ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ mọ ohun tó jáde? Lọ́dún yìí ilé á rì ní ìka mẹ́ta, lọ́dún tó ń bọ̀ á gbéra sókè ní ẹsẹ̀ bàtà méje, lọ́dún kẹta á wọlẹ̀ tòun ti òrùlé! Èmi ojo, kí ó tó panu dé, mo ti gbé ibùsùn ọmọ kúrò lẹ́bàá ògiri náà dé ìkángun kejì yàrá.

Láti ọjọ́ náà lọmọ ò ti sùn mọ́. Ọmọ ń ké, èmi ń ké, àbúrò yín ń tẹ bọ́tìnì.

Ó sú mi. Mo mú ìwé tí mo fi ń kọ́ ìṣirò ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà, mo ní kó fẹnu sọ ìṣirò náà fún mi. Ó ní agbára omi inú ìpele kọ̀ọ̀kan á máa sún mọ́ ti èyí tó wà lókè rẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀. Mo ní, lẹ́yìn àkókò tó tó báwo lo ń tún un ṣírò? Ó ní ọdọọdún. Ọdọọdún! Ṣé bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọmọ nìyẹn, oúnjẹ ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà? Mo fi pẹ́ńsùlù ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ojú ewé mẹ́fà, ọmọ lẹ́yìn mi. Ilé ò fò, ilé ò wọlẹ̀, ìṣirò ọdọọdún ló ń fò kọjá! Ó rì bí ìbú ìka, ó dúró jẹ́ẹ́. Àbúrò yín náà wá ṣe tirẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó bá tèmi mu.

Ṣé ó wá dúpẹ́? Ó gbé ìwé mi lọ síbi iṣẹ́, ó ní, “Ẹ wo ohun tí a ṣe.” A wo? Òun àti ta ni? Ta ló pọn ọmọ?

Ẹ sọ fún un: ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó fi gbé ibùsùn náà padà, kó sì dá ìwé mi padà!

Ẹ ní kí ló wá mú ògiri sán, bí ilẹ̀ bá ti jókòó? Ẹ̀gbọ́n mi, oṣù mẹ́jọ gbáko kí n tó mọ̀, àná yìí ni. Oníbúrẹ́dì tó múlé tì wá ló ní ààrò òun fara ti ògiri yẹn, ooru ń wú ẹ̀yìn ọ̀hún, tiwa kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, ni àárín bá ya, ó sì ti ya bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, kò wó. Ògiri tí mo gbé ọmọ sá fún, òun ló ń mú un móoru sùn.