Ilẹ̀kùn Fìrísà Tí Kò Pa Dé

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ ná. Òtítọ́ kan ń bẹ lọ́fun mi tó gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Tí mi ò bá sọ ọ́, òun ni yóò pa mí kí ìdánwò tó pa mí.”

Bí ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Akàwémásùn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí ata ta sí lójú. Ọ̀la ni yóò jókòó síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò da ìbéèrè bò ó, kí wọ́n tó lè gbà á láyè láti dá ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé tirẹ̀ ṣe. Ó ti fi ọ̀pọ̀ oṣù kàwé nípa àrùn inú ẹ̀jẹ̀, títí oúnjẹ kò fi dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Obìnrin tó ń fi ìbéèrè dán an wò nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìwádìí wọn kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó jù ú lọ dáadáa, ó sì ti dọlọ́mọ. Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ni gbogbo wọn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pè é, torí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn ló fi ń ṣe ìwádìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í pé, “Tó o bá gba ẹ̀jẹ̀, báwo lo ṣe máa tọ́jú ẹ̀ tí ò fi ní bàjẹ́?” Ìbéèrè yẹn ló gún un lọ́kàn.

“Ẹ̀jẹ̀ yín tó bàjẹ́ nínú fìrísà,” ó ní, “èmi ni mo bà á jẹ́.”

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Oorun ń kùn ún, ìwé kún abíyá rẹ̀. Ó ṣí fìrísà ńlá láti mú ohun kan, ó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn kò pa dé. Nígbà tí wọ́n fi máa padà dé ní Mọ́ńdè, omi ti kún ilẹ̀, gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú ìgò ti yọ́, ó ti ń rùn. Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ jókòó sínú omi náà tòun ti aṣọ iṣẹ́ funfun lọ́rùn, ẹkún pàápàá kọ̀, kò wá.

“Kì í ṣe ìyẹn ló burú jù,” ọmọkùnrin náà ní. “Ìyẹn, ẹni tó ti rẹ̀ lè ṣe é. Ọ̀gá tó ń darí ibi ìwádìí wa wá bi wá pé ta ló ṣí i kẹ́yìn. Mo rántí ìdánwò mi, mo ní ẹ̀yin ni mo rí níbẹ̀. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́, mi ò tiẹ̀ kólòlò. Wọ́n pè yín ní aláìbìkítà, wọ́n dá iṣẹ́ yín dúró. Ẹ wá kọjú sí mi, ẹ ní, ‘Àbúrò, ṣé lóòótọ́ lo rí mi?’ Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní, ‘Á jẹ́ pé èmi náà ni. Ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́.’ Mo gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n, mo sì jẹ́ kẹ́ ẹ gbà á bẹ́ẹ̀! Síbẹ̀ ẹ̀ ń wá kọ́ mi níwèé. Ọ̀dájú wo ló tún jù mí lọ?”

Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ dé ìdérí bírò ọwọ́ rẹ̀.

“Mo lọ bá ìyá àwọn ọmọ tó ni ẹ̀jẹ̀ yẹn,” ó sọ jẹ́jẹ́. “Mo kúnlẹ̀. Mo ní èmi ni mo ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ti sin ọmọ tiẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ yẹn nìkan ló kù lára ọmọ òun láyé.”

Ọmọkùnrin náà bo ojú.

“Dìde. Ọ̀gá ṣì wà ní ọ́fíìsì.”

“Ìdánwò mi ńkọ́?” Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ìtìjú bò ó.

Obìnrin náà dìde. Ó ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọ̀gá gbọ́ ìjẹ́wọ́ ọmọkùnrin náà tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó bẹ obìnrin náà pé òun kò wádìí kóun tó dájọ́, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí ọmọkùnrin náà gbàgbé ìdánwò ọ̀la, ó di ìgbà tí ìgbìmọ̀ bá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, ọmọkùnrin náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí.”

Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ fara ti ògiri. “Bá mi gbé àga wá, jẹ́ kí n jókòó ná. Lẹ́yìn náà, a jọ ń lọ sọ́dọ̀ ìyá tó sin ọmọ ẹ̀ yẹn, wàá sì fẹnu ara ẹ sọ fún un. Tó o bá sọ ọ́ tán, ìgbà yẹn ni kó o wá bi mí nípa ìdáríjì.”