Ohùn Munsif Ń Polówó Fóòmù

Pa kọ̀ǹpútà yẹn dé, Nejib, mo ní kó o pa á dé! Ṣé èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo dúró tí mò ń sunkún báyìí, tí ọwọ́ rẹ ṣì ń tẹ nǹkan? Mi ò jókòó. Mi ò mu tíì. Àwọn èèyàn ìkànnì yẹn ti fèsì! Ó wọ fóònù mi láàárọ̀ yìí, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n bá mi kẹ́dùn, wọ́n wá ní tí mo bá fẹ́ káwọn yọ ohùn ọkọ mi kúrò, àfi kí Munsif fúnra rẹ̀ wọlé sórí ìkànnì wá béèrè. Munsif! Munsif tá a sin sí Sfax níbí, tí ìwọ gan-an gbé lé èjìká! Kí n wá lọ kan ilẹ̀kùn sàréè? Kí n ní, "Bàbá Ahlem, ẹ dìde, wọ́n ní ẹ̀yin làwọn fẹ́ rí"?

Mo gbìyànjú ẹ̀ náà o, má rò pé mi ò gbìyànjú. Ahlem ọmọ mi mọ ọ̀rọ̀ aṣínà bàbá ẹ̀, orúkọ ológbò wa àtijọ́ ni. A tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní àwọn ti fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, ká kọ ọ́ síbí. Fóònù wo? Iléeṣẹ́ tẹlifóònù ti gba láìnì Munsif, wọ́n ti fún ẹlòmíì! Mo pè é. Ọmọbìnrin kan ní Gabès ló gbé e, mò ń ṣàlàyé, omi ń bọ́ lójú mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, mo ti pa á rẹ́, mo rò pé àwọn gbájúẹ̀ ni."

O ti gbọ́ ti ṣọ́ọ̀bù, wàá tún gbọ́ ọ! Ìyẹ̀fun kúsíkúsì ni mo lọ rà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pé kí n fa àpò kan yọ, ohùn kan wá látinú ẹ̀rọ òkè àjà: "Ẹ̀yin ará Sfax, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn yín sinmi." Ohùn rẹ̀ ni! Bó ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ bíi pé ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀, bó ṣe máa ń mí díẹ̀ kó tó bọ́ sórí gbólóhùn míì. Wàláhì, mo yíjú sẹ́yìn kí n dá a lóhùn! Kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí láyé ẹ̀, ẹ̀rọ ló ń fi ohùn ẹ̀ sọ ọ́! Fóòmù ló ń polówó, Munsif tó jẹ́ pé awọ àgùntàn ló ń tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sùn, tó ní bẹ́ẹ̀dì rírọ̀ ló ń sọ èèyàn di arọ!

Kí ló ṣe fún wọn? Àánú ló ṣe é. Ìkànnì yẹn ní ẹni tó bá lóhùn tó dáa kó wá máa kàwé fáwọn tí ò ríran. Ọkùnrin gíga bíi tiẹ̀ á ká eékún jókòó sínú kọ́bọ́ọ̀dù, sáàárín àwọn aṣọ mi, kí ariwo ọ̀kadà má baà wọlé, òógùn á bò ó, á máa ka ìwé sínú fóònù fún ọmọ ọlọ́mọ tí kò rí rí. Ọ̀fẹ́ ni o! Ó ní tóun bá ti kú, ẹnì kan á ṣì máa gbọ́ ìwé.

Ẹ̀n? Pé ó tẹ "Mo gbà"? Ìwọ náà tún fẹ́ sọ ọ́! Ta ni kì í tẹ̀ ẹ́? Ta ló ń ka òfin àti àdéhùn tó gùn ju ìrìn àjò lọ kó tó ka ìwé fún afọ́jú? Ìwọ lo kà á sí mi létí: pé àwọn lè lo ohùn náà títí láé, níbikíbi láyé, lọ́nà tó wà àti lọ́nà tí kò tíì sí. Tí kò tíì sí, Nejib! Báwo lèèyàn ṣe ń gba nǹkan tí kò tíì sí? Tó bá sì jáde níbẹ̀, wọ́n ní ìjáde rẹ̀ ò yí nǹkan kan padà. Ilé wo ló ní ilẹ̀kùn àbáwọlé tí kò ní ti àbájáde?

Ìyá Munsif ńkọ́? Ojú Ìyá ti ń lọ, o mọ̀. Lórí rédíò lòun ti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbé àwo ẹja kalẹ̀ síwájú àga Munsif. Ó ní, "Mabruka, ẹ purọ́ fún mi. Ọmọ mi wà láyé, ó ti ríṣẹ́ sílé rédíò." Kò jẹ́ kí n pa rédíò mọ́! Mò ń gbálẹ̀, ọkọ mi ń polówó. Mò ń kírun, ọkọ mi ń polówó. Ibo ni kí n gbà?

Ìwọ wá! Ọmọ ìyá mi! Mo yí ìkànnì yẹn wò títí mo fi dé ìsàlẹ̀, mo rí orúkọ rẹ, kóńkó báyìí. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò, tó ń kọ́ ohùn èèyàn tó sì ń fi í sọ̀rọ̀, ìwọ lo ṣe é, o sì fi tọrẹ fún gbogbo ayé. O kú iṣẹ́! Ìwọ tó o fi tìrẹ tọrẹ, orúkọ rẹ ò kúrò lára ẹ̀. Munsif tó kàn yá wọn lóhùn, orúkọ tiẹ̀ ti pòórá. Mo ní kó o gbà á padà lọ́wọ́ wọn, o ní ohun tó o ti fún gbogbo èèyàn kò ṣe é gbà padà. O ní ilé ìwé afọ́jú kan ní Yẹ́mẹ̀n ń lò ó, pé tó o bá lè já a gbà lónìí, ta ló máa gbẹ́kẹ̀ lé e lọ́la. Mo gbọ́. Mo gbọ́. Ìwé tiwọn dè mí, ìwé òmìnira tìẹ tó ní kí gbogbo ayé máa lò ó náà tún dè mí!

Kí lò ń rojú sí? Sọ ọ́ síta. Pé ètò tí wọ́n ń lò kì í ṣe bí tìẹ mọ́? Kí nìyẹn ní í ṣe... Ó dáa, mò ń gbọ́. Tìẹ ò lè sọ èdè Tùnísíà tó já gaara. Òótọ́ ni, ńṣe ló máa ń sọ̀rọ̀ bíi tẹni tí eyín ń dùn. Wọ́n ti tún un ṣe. Ṣé ìwé tìẹ ò gbà wọ́n láyè ni? Ó gbà wọ́n láyè, àmọ́...

Dúró ná. Tún un sọ. Ẹni tó bá tún un ṣe, tó sì fi ń ṣiṣẹ́ fún ará ìta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbọ́dọ̀ ṣí àtúnṣe náà sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, bí ìwọ náà ṣe ṣí tìẹ? Ṣé wọ́n ṣí i? Wọ́n fi pamọ́! Tẹ́nì kan bá fi pamọ́ ńkọ́? Má wolẹ̀, èmi ni kó o wò. Àṣẹ tó ní láti lò ó ti pin? Ìwé tìẹ ló sọ bẹ́ẹ̀? Tí wọn ò bá sì lò ó, ẹ̀rọ yẹn ò lè fohùn Munsif sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́?

Hẹ̀hẹ̀ẹ́ẹ̀! Súbúhánálláhì! Nejib, wọn ò kà á! Àwọn tó kọ títí láé sínú ìwé fún ọkọ mi, wọn ò ka ìwé tìẹ! Ọ̀fẹ́ ni wọ́n rí, wọ́n bá gbé e sáré! Fi mí sílẹ̀ jàre, jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́.

Pé wọ́n lè ṣí i sílẹ̀ lọ́la, kí wọ́n tún máa bá ọjà wọn lọ? Mo mọ̀. Pé lọ́yà wọn pọ̀, pé ìwọ kì í bá èèyàn jà? Mo mọ̀, mo ti mọ̀ ọ́ láti kékeré. Munsif ò lè wọlé, èmi ò tẹ "Mo gbà" kankan, nínú gbogbo wa, ìwọ nìkan ni wọ́n rú àdéhùn rẹ̀, o sì wà láàyè láti bá wọn ṣẹjọ́. Wọ bàtà rẹ, ká lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Bó jẹ́ oṣù kan péré ni ohùn yẹn máa fi dákẹ́, mo fẹ́ oṣù kan yẹn.

Ìyá? Mo ti ro ti Ìyá. Lọ́jọ́ tó bá tan rédíò tí kò gbọ́ ọ mọ́, èmi ni n ó jókòó tì í, n ó dì í lọ́wọ́ mú, n ó sì tún túfọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kejì pé ọmọ rẹ̀ kú. Dìde.