Rọ́bà Omi Gbígbóná Nínú Àgọ́ Àna

[Fóònù ń dún. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń ké.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ́lò?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́— ẹ kúuṣẹ́— àwọn ọmọ ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n wà. Àwọn àna ẹ ńkọ́? Àgọ́ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Àgọ́ dùn! Òkè tá a pàgọ́ sí yìí, tí mo bá nawọ́ báyìí, màá gbá ọ̀run létí.

Ẹ̀GBỌ́N: Òtútù ò mú ẹ?

ÀBÚRÒ: Èmi? Òtútù rí mi, ó dọ̀bálẹ̀! Mo ti sọ fún bàbá ìyàwó mi pé mi ò ní bora. Wọ́n ní ọkùnrin tí ò lè fara da òtútù ò lè fara da ọmọ àwọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó da. Ṣé o rí rọ́bà omi gbígbóná tí mo fi ń jo ẹ̀yìn? Mo wá a tì.

ÀBÚRÒ: [ó wúkọ́] Network yìí—

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Rọ́bà mi!

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n… tí rọ́bà bá ń jò, kí lèèyàn ń ṣe sí i?

Ẹ̀GBỌ́N: [ẹ̀rọ dákẹ́] Olè! Ibo ló wà?

ÀBÚRÒ: Ikùn mi. Mo fi bẹ́líìtì dè é mọ́ra, lábẹ́ súwẹ́tà.

Ẹ̀GBỌ́N: Omi híhó lo rọ sí i?

ÀBÚRÒ: Híhó tó ń kọrin! Mo rọ ọ́ kún dẹ́nu.

Ẹ̀GBỌ́N: Dẹ́nu! Kì í kún, afẹ́fẹ́ lèèyàn ń kọ́kọ́ tẹ̀ jáde kó tó dé e! Ṣé o jóná?

ÀBÚRÒ: Rárá, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó máa jò. Àmọ́ ṣòkòtò mi… iwájú ṣòkòtò, ẹ̀gbọ́n. Ó rin gbindin.

Ẹ̀GBỌ́N: [ẹ̀rín] Yéè! Ọkọ ìyàwó tọ̀ sára!

ÀBÚRÒ: Ẹ má rẹ́rìn-ín! Bàbá ń bọ̀ wá wò bóyá mo bora. Tí wọ́n bá rí èyí, ìyàwó ti lọ nìyẹn!

Ẹ̀GBỌ́N: Pààrọ̀ ẹ̀!

ÀBÚRÒ: Ẹyọ kan ni mo mú wá. Mo ní akọni kì í di ẹrù.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹnu ẹ á pa ẹ́! Sọ òótọ́ fún wọn. Ṣé o gbọ́ mi? Sọ pé—

ÀBÚRÒ: Pé òtútù mú mi? Èmi!

Ẹ̀GBỌ́N: Èwo ló sàn, kí wọ́n ní òtútù mú ẹ, àbí kí wọ́n ní o tọ̀—

[Síìpù àgọ́ ṣí fàà.]

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Akọni! O ò bora lóòótọ́?

ÀBÚRÒ: Ẹ… ẹ káàbọ̀, sà.

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Kí ló ṣe ṣòkòtò ẹ?

ÀBÚRÒ: Rọ́bà omi gbígbóná ni, sà. Òtútù mú mi. Sà, láti ọjọ́ táláyé ti dáyé, òtútù ò tíì mú ẹnì kankan tó báyìí rí!

[Síìpù àgọ́ tún dé fàà.]

BÀBÁ ÌYÀWÓ: O rọ ọ́ kún jù.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni wọ́n wí? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: [wúyẹ́wúyẹ́] Ẹ̀gbọ́n… wọ́n ń ká ẹ̀wù sókè… Yéè! Rọ́bà méjì ni tiwọn! Ọ̀kan níkùn, ọ̀kan lẹ́yìn—

BÀBÁ ÌYÀWÓ: Pa fóònù yẹn! Ìyá ìyàwó ẹ ò gbọ́dọ̀ gb—

[Fóònù já.]