Yangí Tí Kò Sí Ní Ayébọ̀dé

Ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú mi pé olóòótọ́ ni mí. Dámilọ́lá ọmọ mi ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i lórí fóònù rẹ̀ nígbà tó rò pé mo ti sùn: "Dádì wa, Olúkáyọ̀dé, olóòótọ́ ènìyàn, ẹni tó mọ ilẹ̀ Èkìtì bí ẹní mowó." Dókítà ní Ìdó ti ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sílé, gbogbo wa la sì mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ, n ó sọ ohun tí mo ṣe, ẹni tó bá sì fẹ́ bínú, kó bínú lójú mi.

Iṣẹ́ mi ni wíwo ilẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààlà tàbí ìwé ilẹ̀ o. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni mò ń wò. A ó gbẹ́ kòtò tó jìn ju ènìyàn lọ, n ó wọ inú rẹ̀, n ó fi ọ̀bẹ họ ara rẹ̀, n ó sì sọ irú ilẹ̀ tó jẹ́. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń wọlé, irin inú ilẹ̀ á dípẹtà, ilẹ̀ á sì pọ́n. Níbi tí omi bá ti jókòó tí kò lọ, pupa yẹn á ṣí kúrò, ilẹ̀ á rí bí eérú, á kàn ní àmì pupa kéékèèké níbi tí gbòǹgbò ti mú afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ eérú yẹn ni akúrọ̀ tòótọ́. Òun ni ìrẹsì fẹ́. Òun náà sì ni àwọn ìyá wa ń gbin ẹ̀fọ́ àti ilá sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ òkè bá ti gbẹ táútáú.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ kan wá láti Èkó, wọ́n ní àwọn fẹ́ dá oko ìrẹsì ńlá sí apá ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n gbà mí kí n wá akúrọ̀ tó dára jù fún wọn. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ fi ìka sí lórí máàpù ni Ayébọ̀dé, lórí akúrọ̀ tí Alice, ìyá mi, fi ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ rán mi nílé ìwé. Màmá ṣì wà láyé nígbà náà. Ó dúró lórí ebè rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni ń wo olè. Ó ní, "Káyọ̀dé, ṣé ìwọ lo wá gba ulẹ̀ yìí lọ́wọ́ mi?"

Mo mú Ọlátúnjí, ẹni tó máa ń gbẹ́ kòtò fún mi, a lọ sí etí akúrọ̀ náà ní ẹsẹ̀ òkè, níbi tí òjò ti ń wọ́ ilẹ̀ pupa wá lọ́dọọdún tó sì ń dà á lé akúrọ̀ lórí. Ó gbẹ́ ẹ dé ìbàdí, pupa ni. Ó gbẹ́ ẹ dé àyà, àwọ̀ eérú bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Mo ní, "Dúró." Ó ní, "Ọ̀gá, a ò tí ì dé usàlẹ̀ o." Mo ní, "Ọlátúnjí, yangí la kàn." Ó wo kòtò, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Yangí yìí mà rọ̀ o, ọ̀gá." Ó fi ilẹ̀ pupa bo ibi tó dà bí eérú náà. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Dàda, aṣojú ilé-iṣẹ́ náà, dé, ó yọjú wo inú kòtò, kò wọ̀ ọ́; bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ dán ju kó fi tẹ ẹrẹ̀ lọ. Mo kọ̀wé pé ilẹ̀ òkè ni, pé yangí ló wà nísàlẹ̀, pé omi kàn ń gba orí rẹ̀ kọjá ni. Irọ́ gbuu. Mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Bí mo bá tún ayé wá, irọ́ yẹn náà ni n ó tún pa. Ṣé ẹ gbọ́?

Ṣùgbọ́n ìrẹsì gbọ́dọ̀ ríbi gbé. Ìka Dàda sún lórí máàpù, ó bọ́ sí Ẹ̀dá-Oníyọ̀.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wíwo ilẹ̀, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀, ilé Rùkáyàt ni mo gbé. Opó ni, Sèínábù ọmọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ààwẹ̀, òun tí kò fi nǹkan kan kan ẹnu ló ń dáná ọ̀sán fún èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Akúrọ̀ kan ṣoṣo ló ní. Òun ló fi tọ́ Sèínábù, títí ọmọ náà fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

Akúrọ̀ yẹn gan-an ni ìka Dàda bọ́ lé. Nígbà tí Rùkáyàt rí èmi àti Ọlátúnjí lórí rẹ̀, ayọ̀ rẹ̀ kún. Àgbàlagbà bí tirẹ̀ fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi! "Ọmọ mi, mo gbọ́ pé uṣẹ́ rẹ ni. Bá mi sọ fún wọn pé ulẹ̀ yìí ò dáa. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni wọ́n á gbà." Ọlátúnjí ti gbẹ́ ẹ dé àyà, eérú ti yọ. Mi ò sọ pé kó dúró, òun ló dúró fúnra rẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé yangí rèé?"

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Mo lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá tún pè é ní yangí, ara á fu wọ́n, wọ́n á sì padà lọ gbẹ́ ti Ayébọ̀dé wò. Ilẹ̀ ìyá mi á lọ, orúkọ tèmi náà á bàjẹ́. Mo ní, "Máa gbẹ́ ẹ lọ." Ó gbẹ́ ẹ títí omi fi sun nísàlẹ̀. Mo wọ inú rẹ̀, mo sì kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an: akúrọ̀ tòótọ́, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Nígbà tí mo jáde, Rùkáyàt bi mí pé, "Ọmọ mi, kí lo bá níbẹ̀?" Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀." Ìkà ni mí.

Wọ́n gba ilẹ̀ náà. Wọ́n la kòtò gbọọrọ sí i láti darí omi, omi bá sá lọ pátápátá. Ilẹ̀ tí omi fi àìmọye ọdún ṣe, wọ́n fi ẹ̀ẹ̀rùn méjì bà á jẹ́: ó gbẹ, ó sán, ó le koko. Ìrẹsì kùnà, ilé-iṣẹ́ náà sì kẹ́rù wọn lọ. Sèínábù fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Màmá máa ń dárúkọ yín nínú àdúà wọn. Wọ́n ní ẹ gbìyànjú fún wa." Mo gba ọpẹ́ náà. Mo jẹun nílé rẹ̀ kí n tó máa lọ.

Sèínábù, mi ò tọrọ àforíjì irọ́ tí mo pa. Òótọ́ tí mo fi gba ilẹ̀ ìyá rẹ fún wọn ni mò ń bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí rẹ̀ jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é, mi ò ní bá ọ jà. Èmi nìkan ni Alice bí, akúrọ̀ rẹ̀ ti di tèmi, mo sì ti fún ọ. Dámilọ́lá ní, "Dádì, ilẹ̀ ìdílé mà ni!" Mo ní ilẹ̀ Rùkáyàt ni mo fi ra tiwa padà, kó lọ fi orí gbá ògiri.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ wíwo ilẹ̀, ẹ má rò pé bí ẹ bá ti sọ òótọ́, ọwọ́ yín ti mọ́. Mo sọ òótọ́, ó sì sọ ọmọ opó di aláìnílẹ̀.

Dámilọ́lá, pa olóòótọ́ yẹn rẹ́ lórí fóònù rẹ. Mú Sèínábù lọ sí Ayébọ̀dé, kí o fi ebè ìyá mi hàn án. Ilá ẹ̀ẹ̀rùn kò ní dúró de ìsìnkú mi.