Ààwẹ̀ Tí Màkírò Kéde

Má tíì dá mi lóhùn, Jùwọ́nlọ, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. N kò pariwo. Ṣé àwọn ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń gbọ́ ohùn mi ni? Mo kàn ń fi pẹ̀lẹ́ bi ọmọ mi léèrè ni: ìgbà wo lo di wòlíì tí o fi ń kéde ààwẹ̀ fún gbogbo obìnrin ìjọ wa ní Festac?

Ṣebí ìwọ lo ní kí a má yọ ara wa lẹ́nu mọ́. O ní o máa kọ màkírò kan, ètò kékeré tó ń dá ṣiṣẹ́, sínú Excel orí kọ̀ǹpútà rẹ, pé ní àràárọ̀ ni yóò máa dá lọ sí ìkànnì olú ìjọ, yóò mú iṣẹ́ àdúrà ọjọ́ náà wá, yóò fi ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo wa. A pàtẹ́wọ́ fún ọ. Èmi tí n kò kàwé lọ títí, mo ń yan láàárín ẹgbẹ́ pé ọmọ mi ni.

Ọjọ́rú, ó ní kí a gbààwẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. A gbà á. Ọjọ́bọ̀ mọ́, fóònù tún dún, ẹ gbààwẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Ẹtì, bákan náà. Déètì ń yí, ọ̀rọ̀ ò yí. Kí ni ká ti rò ó sí? Àǹtí Tẹjúmádé tó ń darí àdúrà wa ní Ọlọ́run ló ń tẹnu mọ́ ọn, ohun ńlá kan ń bọ̀. Ohun ńlá náà dé lóòótọ́. Màmá Ẹ̀bùnlọlá ṣubú lulẹ̀ ní Kuje Àmùwò níbí lánàá, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé wọn sùn.

Òwúrọ̀ yìí ni mo tó pe akọ̀wé olú ìjọ. Ó ní ààwẹ̀ Ọjọ́rú nìkan ni àwọn pè, pé ìkànnì àwọn ti dákú láti alẹ́ ọjọ́ náà. Kò burú, kí ni kì í bàjẹ́? Ṣùgbọ́n màkírò rẹ dé ẹnu ọ̀nà, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, kò padà wá sọ pé òun ò ráyè wọlé. Ó gbé ọ̀rọ̀ àná, ó kọ déètì tòní lé e lórí, ó ní bí olú ìjọ ṣe wí nìyẹn.

Kí lo wí? Ìwọ lo ní tó bá kọsẹ̀ kó má sọ̀rọ̀, kó máa bá iṣẹ́ lọ? Torí pé ìkìlọ̀ tó ń gbé sójú kọ̀ǹpútà ń dí ọ lọ́wọ́? O káre, Ẹnjiníà. Ta ló ń so ajá mọ́ ẹnu géètì, tí yóò tún fi okùn dì í lẹ́nu kí oorun òun lè dùn? Nígbà tí o wà ní kékeré, bí mo bá rán ọ sí àbúrò mi ní Mile 2, tí o kò bá a nílé, ṣé o jẹ́ padà wá sọ pé ó ní kí o kí mi? Ìfọ́tí ni ò bá jẹ.

Máa rẹ́rìn-ín. Màmá Ẹ̀bùnlọlá ò jẹun o. Mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ bá wọn, wọ́n yíjú sí ògiri. Wọ́n ní fóònù àwọn tún dún lónìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni, àwọn ò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò tú ààwẹ̀ Ọlọ́run. Mo ní ẹ̀rọ ló ṣìṣe. Wọ́n ní bí Sátánì ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Èmi, tí a ti jọ ń kúnlẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nọ́ọ̀sì sì ní òun ò lè fún wọn lóògùn lórí inú òfìfo.

Má tẹ nǹkan kan lórí fóònù yẹn. Àtẹ̀jíṣẹ́ kẹ̀? Ṣebí àtẹ̀jíṣẹ́ ló gbé wọn dé orí bẹ́ẹ̀dì. Tí a bá padà délé, wàá tún màkírò rẹ ṣe, kó máa sọ pé òun ò rí nǹkan kan nígbà tí kò bá rí nǹkan kan. Wọ bàtà, a ń lọ sí Kuje. Ìwọ ni wàá dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn, wàá ní, ẹ dákun, mà, kì í ṣe Ọlọ́run ló ń sọ̀rọ̀ láti Ọjọ́bọ̀, èmi Jùwọ́nlọ ni. Bí wọ́n bá sì pè ọ́ ní Sátánì, má jà, bẹ́ẹ̀ ni, mà, ni kí o máa wí, títí wọn yóò fi la ẹnu gba ẹ̀kọ.